Sójà tó fẹ́ di lọ́yà ní ọmọ ọdún 36: ṣé ẹnikẹ́ni ti gba ọ̀nà yìí dé ilé aṣòfin rí?

Ọmọ Òkè-Àdó:

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ síbí láì dá sí i. Lónìí ọ̀rọ̀ ti kàn mí.

Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ni mo fi wọ Amẹ́ríkà, owó ilé-ìwé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi padà sílé. Ní 2014, arákùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sọ fún mi pé àwọn ológun ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní MAVNI, tí wọ́n fi ń gba àjèjì tó bá gbọ́ èdè tí wọ́n ń wá. Mo wo ìwé tí wọ́n to àwọn èdè náà sí, mo rí Yorùbá! Èdè tí tíṣà wa ń nà wá lẹ́gba lé lórí bí a bá sọ ọ́ ní kíláàsì, òun ló sọ mí di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kí n tó parí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sójà, mo ti búra, mo ti gba ìwé.

Ọdún mẹ́jọ ni mo lò. N kò pa ẹnì kan, ẹ má ṣe rò ó. Ẹrù ni mò ń kà: táyà, epo, oúnjẹ inú ọ̀rá. Mo lo oṣù mẹ́sàn-án ní Kuwait nínú ooru tó ń mú bàtà rọ̀ bí ẹ̀kọ. Mo ja bọ́ láti orí ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ̀yìn mi sì yí padà láti ọjọ́ náà. Sájẹ́ǹtì ni mo jẹ́ nígbà tí mo kúrò ní 2022.

Ohun tó gbé ọ̀rọ̀ òfin sí mi lórí rèé. Bí ọmọ ẹ̀yìn mi kan bá ṣẹ̀, tí kọmáńdà fẹ́ fi Article 15 (òfin ìjìyà tí kò dé kọ́ọ̀tù ológun) jẹ ẹ́ níyà, èmi ni wọ́n máa ń wá bá pé kí n bá àwọn kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn yóò fi gbèjà ara wọn. Ọmọkùnrin kan wà tí wọ́n fẹ́ já ipò rẹ̀ wálẹ̀, kí wọ́n sì gé owó oṣù rẹ̀, pé ó sá níṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo lọ tú àwọn fáìlì wò fún odindi ọ̀sán kan. Ìwé ìsinmi rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n ti fọwọ́ sí i, inú fáìlì ẹlòmíràn ni wọ́n kó o sí. Nígbà tí mo fi ìwé yẹn lélẹ̀ lórí tábìlì kọmáńdà, inú mi dùn ju ọjọ́ tí wọ́n so ipò sájẹ́ǹtì mọ́ mi láyà lọ.

Nísinsìnyí mo fẹ́ kàwé òfin, n kò sì ní parọ́ fún yín, lẹ́yìn rẹ̀ mo fẹ́ du ipò, kódà kó jẹ́ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Ìyá mi lórí fóònù: "Ṣé ìbọn tó o gbé yẹn kò tó ọ ni? O tún fẹ́ lọ jókòó ti àwọn onírọ́?" Ìyàwó mi kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wo àwọn ọmọ méjèèjì. Àbúrò bàbá mi ní kí n lọ ra ilé.

Ẹ jọ̀wọ́, ta ló ti ti ibùdó sójà kọjá sí kọ́ọ̀tù, tó sì ti kọ́ọ̀tù dé ilé aṣòfin? Báwo ló ṣe ṣe é? Àbí ọdún 36 ti pẹ́ jù?

Ìṣirò Ni (Houston):

Ọ̀gá sájẹ́ǹtì, kí o tó wá akọni tí wàá fara wé, ka oṣù rẹ ná. GI Bill ti àsìkò yìí, owó tí ìjọba fi ń rán ẹni tó ti ṣe sójà lọ sílé-ìwé, oṣù 36 ló fún ọ. Ọdún ilé-ìwé kan máa ń jẹ bí oṣù mẹ́sàn-án. Òfin jẹ́ ọdún mẹ́ta, oṣù 27 nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé o kò tíì fọwọ́ kàn án, ó tó ọ, ó sì ṣẹ́kù. Bó bá jẹ́ pé o ti fi parí dìgírì àkọ́kọ́, wá owó síbòmíràn. Yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀, wọ́n á san gbogbo owó ẹ̀kọ́ tí ọmọ ìpínlẹ̀ náà ń san. Ti àdáni, ó ní ibi tí wọ́n dé tí wọ́n á dúró, àfi bí ilé-ìwé náà bá wà nínú ètò Yellow Ribbon, tó ń bá èèyàn kún owó tó ṣẹ́kù. Béèrè èyí kí o tó béèrè bí ọgbà wọn ṣe rẹwà tó.

Ní ti ipò: òfin ilẹ̀ yìí ní kí ẹni tó fẹ́ wọ Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Washington ti pé ọmọ ọdún 25, kó sì ti jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí fún ọdún méje. Sẹ́nétì, ọmọ ọdún 30, ọdún mẹ́sàn-án. O ti kọjá méjèèjì. Ààrẹ àti igbákejì rẹ̀ nìkan ni o kò lè jẹ. Màmá ẹ lè sinmi lórí ìyẹn.

Màmá Kalamazoo:

Ọmọ mi, kú ewu o. Mo gbọ́ nípa ẹ̀yìn yẹn. Má gbé ẹrù wúwo, kí o sì má jókòó pẹ́ jù. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Kalamazoo ní Michigan ni mò ń gbé láti 1994.

Ìlú tó múlé ti wa ni Battle Creek, ìlú kọnfílékìsì. Bí afẹ́fẹ́ bá gba apá ibi tí wọ́n ti ń yan ọkà wá, wàá rò pé ẹnì kan ń yan àgbàdo lẹ́yìn ilé rẹ ni. Ilé ńlá alájà 15 kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ilé ìtọ́jú Dókítà Kellogg nígbà kan. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba rà á, wọ́n sọ ọ́ di ọsibítù àwọn sójà, wọ́n pè é ní Percy Jones. Àwọn tí ogun gé lápá tàbí lẹ́sẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Láti 2003, orúkọ ẹni mẹ́ta ni wọ́n kọ sára ilé náà: Hart, Dole, Inouye. Àìmọye ọdún ni mo fi ń wakọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rò pé ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò kan ni! Ọjọ́ kan ni mo wá béèrè. Wọ́n ní sójà mẹ́ta tó dùbúlẹ̀ àìsàn níbẹ̀ ni, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá padà pàdé ní Sẹ́nétì. Lọ́yà sì ni gbogbo wọn.

Philip Hart ti jẹ́ lọ́yà kó tó lọ sógun, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kàn ọ́ tó bẹ́ẹ̀. Apá ló ti gbọgbẹ́ ní etíkun Normandy ní June 6, 1944. Òun ni ara rẹ̀ le jù nínú wọn, òun ló ń sáré iṣẹ́ fún àwọn tí kò lè dìde. Àwọn méjì yòókù ni kí o jókòó gbọ́.

Daniel Inouye, Honolulu ni wọ́n bí i sí ní 1924, ọmọ àwọn ará Japan. Ohun tó gbé ìdílé wọn dé Hawaii wù mí í sọ, nítorí ó jọ ìtàn ìwọ̀fà tiwa. Iná ṣẹ́ nílé ìdílé wọn ní abúlé wọn ní Japan, ó ran ilé àwọn ará àdúgbò. Ẹjọ́ dá a lẹ́bi, gbèsè 400 dọ́là sì wọ ìdílé náà lọ́rùn. Bàbá bàbá rẹ̀ kó ìyàwó àti ọmọ, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ ṣiṣẹ́ ní oko ìrèké. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi san gbèsè náà. Nígbà tí wọ́n fi máa san án tán, Hawaii ti di ilé.

Ọmọ ọdún 17 ni Inouye nígbà tí Japan ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor. Ó ti kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì lọ́dọ̀ Red Cross, ó sáré lọ ń di ọgbẹ́ àwọn èèyàn. Kò pẹ́, ìjọba kan náà ka irú wọn kún ọ̀tá. Ní 1943, wọ́n yí ohùn padà, wọ́n ní àwọn ń wá 1,500 ọmọ Japan ní Hawaii fún iṣẹ́ ológun; àwọn tó jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10,000. Inouye wà nínú wọn. Ìwé tí yóò fi di dókítà ló ń kà, ó pa á tì. Bàbá rẹ̀ sìn ín lọ́jọ́ tó ń lọ, kò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi fẹ́ dé. Ohun tó wá sọ kò yàtọ̀ sí èyí tí gbogbo wa gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà: má dójú ti ìdílé rẹ, má dójú ti ilẹ̀ yìí.

Ní April 21, 1945, nítòsí San Terenzo ní Italy, òun ló ṣáájú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gun òkè kan. Àwọn ará Jámánì rì ìbọn arọ̀jò-ọta mẹ́ta mọ́lẹ̀ lókè. Ọta kan gba ikùn rẹ̀ jáde lẹ́yìn. Kò dúró. Ó pa ìbọn àkọ́kọ́ lẹ́nu mọ́, ó pa ìkejì. Bó ti gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè láti ju bọ́ǹbù ọwọ́ sí ìkẹta, wọ́n yìnbọn fọ́ ìgúnpá rẹ̀. Apá ń mì dirodiro, ìka rẹ̀ sì di bọ́ǹbù náà mú gírígírí, ó ti yọ ìdè rẹ̀. Ó pariwo lé àwọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ òsì já a gbà kúrò lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó sì jù ú. Ọmọ ogún ọdún ni o.

Ẹlòmíràn á dúró síbi bọ́ǹbù yẹn. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì, ibi ẹ̀jẹ̀ ni mo dúró sí. Ìgò ẹ̀jẹ̀ 17 ni wọ́n fà sí i lára, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́, ó sì sọ pé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wá láti ara àwọn sójà aláwọ̀ dúdú ti 92nd Division. Lásìkò kan náà, nílé níbí, Red Cross ń ya ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára ti aláwọ̀ funfun. Ẹ kúkú rò ó wò.

Wọ́n gé apá náà. Dókítà alábẹ kò sì lè lo ọwọ́ kan. Bí òfin ṣe kàn án nìyẹn.

Ní Percy Jones ló ti pàdé Bob Dole, ọmọ Russell ní Kansas. Dole fi ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú rẹ̀ nínú ìfarapa: April 14, 1945, Italy kan náà. Ejìká ọ̀tún rẹ̀ fọ́ yángá, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ fara gbá. Ó wọn 194 pọ́n-ùn nígbà tó lọ sógun, ó joro dé 122. Wọ́n yọ kíndìnrín rẹ̀ kan. Àwọn ará ìlú rẹ̀ dáwó sínú páálí sìgá kí wọ́n lè fi gbé e lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, dókítà tó sì ṣe é, Hampar Kelikian ní Chicago, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́ títí ayé. Títí ló fi máa ń mú bírò dání lọ́wọ́ náà kí èèyàn má baà fà á fún ìbọwọ́.

Káàdì ni wọ́n jọ ń ta, Dole àti Inouye. Dole jẹ́wọ́ pé Inouye mọ̀ ọ́n ta ju òun lọ. Ọjọ́ kan Inouye bi í pé kí ló fẹ́ ṣe bó bá jáde. Dole ní òun á kàwé òfin, òun á di lọ́yà ìjọba ní káúńtì òun, òun á wọ ilé aṣòfin Kansas, bí àyè bá sì ṣí ní Washington, ibẹ̀ ni òun ń lọ. Inouye ní ètò yìí mà dára o. Ó jí i lò!

Wo bí Dole ṣe kàwé náà. Ọwọ́ tí kò lè kọ̀wé, báwo ló ṣe fẹ́ jókòó nídìí ìwé òfin? Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ ni ó ń gbé wọ kíláàsì ní Washburn ní Topeka, a máa gbọ́ ọ tún gbọ́ lóru. Tó bá di ìdánwò, á máa sọ ìdáhùn lẹ́nu, ìyàwó rẹ̀ á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ àwọn aláìsàn bí wọ́n á ṣe tún lo ara wọn ni ìyàwó yẹn, Percy Jones ni wọ́n ti pàdé. (Sọ fún ìyàwó rẹ kó ka ibí yìí.) Ó wọ ilé aṣòfin Kansas ní 1951 nígbà tó ṣì wà nílé-ìwé, ó gba dìgírì ní 1952. Ó wá di lọ́yà káúńtì, ara iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó fọwọ́ sí ìwé owó ìrànwọ́ àwọn aláìní. Orúkọ àwọn òbí àgbà tirẹ̀ wà níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i.

Inouye gba dìgírì òfin ní George Washington University, ó padà sílé, ó ń báni rojọ́ fún ìjọba ní Honolulu. Ní 1954 ó wọ ilé aṣòfin Hawaii. Ní August 1959 Hawaii di ìpínlẹ̀, wọ́n sì rán an lọ sí Washington. Olórí ilé, Sam Rayburn, ní kó na ọwọ́ ọ̀tún sókè kó búra. Kò sí ọwọ́ ọ̀tún. Ti òsì ló nà. Ó wá pe Dole lórí fóònù: mo ti débí o, ìwọ dà? Ọdún 1961 ni Dole tó dé.

Ẹgbẹ́ òṣèlú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Inouye jẹ́ Democrat, Dole jẹ́ Republican. Dole wà lára àwọn tó gbé òfin 1990 tó dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara kalẹ̀, òfin tó jẹ́ kí bọ́ọ̀sì ìlú wa ní pèpéle fún kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Inouye jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó wádìí Watergate, ẹ̀sùn tó kan Ààrẹ Nixon, ní 1973, ó sì ṣe alága ti Sẹ́nétì lórí Iran-Contra, ọ̀rọ̀ ìbọn tí ìjọba tà fún Iran ní ìkọ̀kọ̀, ní 1987. Àádọ́ta ọdún ó dín díẹ̀ ló lò ní Sẹ́nétì nìkan, títí ó fi kú. Èmi kò fẹ́ràn kí èèyàn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí àga, nílé a ò bá ti máa pariwo. Àmì ẹ̀yẹ tó ga jù fún akọni ogun, 2000 ni wọ́n tó fún un, ọdún 55 lẹ́yìn òkè yẹn.

December 2012 ni mo rí i lórí tẹlifíṣàn. Wọ́n tẹ́ pósí Inouye sábẹ́ òrùlé rìbìtì ilé aṣòfin ní Washington. Wọ́n ti kẹ̀kẹ́ Dole wọlé, ẹni ọdún 89. Ó ní òun kò fẹ́ kí Danny rí òun lórí kẹ̀kẹ́. Wọ́n dì í mú, ó dìde, ó rìn dé ìdí pósí, ó fi ọwọ́ òsì kí i ní kíkí sójà. Àwa nọ́ọ̀sì mọ ohun tó ń ná irú ara bẹ́ẹ̀ láti dìde. Mo pa tẹlifíṣàn, mo lọ fọ abọ́.

Dorchester ni mo wà:

Màmá, ẹ ṣeun, ẹ kú ìrántí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bu iyọ̀ díẹ̀ sí i. GI Bill tí Dole àti Inouye fi kàwé, ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú tó ja ogun yẹn kò rí i jẹ, pàápàá ní gúúsù. Yunifásítì àwọn funfun kò gbà wọ́n, báńkì kò yá wọn lówó ilé. Bí arákùnrin yìí bá ń wá ẹni tí wọ́n jọ ní àwọ̀, Boston ni kó wò.

Takisí ni mo ń wà níbí láti 1989. Ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èmi àti onílé mi ní aáwọ̀, ó fẹ́ lé mi jáde nígbà òtútù. Kọ́ọ̀tù tó wà ní New Chardon Street ni wọ́n pè wá sí. Orúkọ tí mo bá lẹ́nu ọ̀nà: Edward W. Brooke. Ṣé ẹ mọ̀ pé n kò mọ̀ ọ́n? Lọ́yà ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún mi ló sọ fún mi ẹni tó jẹ́, bí a ṣe ń dúró kí wọ́n pe nọ́ńbà wa.

Ọmọ Washington ni, wọ́n bí i ní 1919, ó jáde ní Howard ní 1941, ogun sì mú un. Ó di ọ̀gá nínú 366th, rẹ́jímẹ́ǹtì aláwọ̀ dúdú látòkè délẹ̀. Ní Fort Devens níbí, ní Massachusetts, ibi ìgbafẹ́ àwọn ọ̀gá ológun wà, kìí ṣe fún irú tiwọn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ní kó máa gbèjà àwọn sójà tí wọ́n bá gbé lọ kọ́ọ̀tù ológun. Kò tíì kàwé òfin kankan nígbà yẹn! Ọmọ Òkè-Àdó, fáìlì tó o tú yẹn, iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn. Ìyẹn ló gbé e dé ilé-ìwé òfin ní Boston University nígbà tó dé láti ogun. 1948 ló parí.

Màmá sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ 92nd Division. Abẹ́ 92nd yẹn ni wọ́n fi 366th sí ní Italy ní ìparí 1944. Brooke gbọ́ èdè Italy débi pé ó ń bá àwọn ajagun abẹ́lẹ̀ wọn ṣiṣẹ́, wọ́n ń pè é ní Capitano Carlo. Ibẹ̀ ló ti rí ìyàwó.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí o mú lọ rèé. Ó du ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní 1950, ó fìdí rẹmi. Ó tún dù ú ní 1952, ó fìdí rẹmi. Ó du akọ̀wé ìpínlẹ̀ ní 1960, ó fìdí rẹmi. Ẹ̀ẹ̀mẹta! 1962 ló tó wọlé, bí agbẹjọ́rò àgbà Massachusetts, ìpínlẹ̀ tí aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ kò pé mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 1966 wọ́n dìbò fún un sí Sẹ́nétì. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ará ìlú fi ìbò ara wọn gbé débẹ̀.

Òun àti Walter Mondale ló gbé òfin 1968 jáde, èyí tó ní kí onílé má fi àwọ̀ yan ayálégbé. Ní 1969, ó fi òfin tì í pé ẹni tó ń gbé ilé ìjọba kò gbọdọ̀ san ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un lọ. Wọ́n ti gbé e dé 30 báyìí. Ìyá kan tó jẹ́ ará Ìjẹ̀bú, aládùúgbò mi, ìdá 30 yẹn ló ń san títí di òní, kò sì gbọ́ orúkọ Brooke rí. Ní 1973, Republican ni, síbẹ̀ òun ni sẹ́nétọ̀ ẹgbẹ́ náà tó kọ́kọ́ ní kí Nixon kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Kò parí dáadáa, n kò ní fi pamọ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀, ọ̀rọ̀ owó rẹ̀ jáde nínú kọ́ọ̀tù, ìwé ìròyìn gbé e kiri, Paul Tsongas sì gba àga náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1978. Nítorí náà, kí ìwọ àti ìyàwó rẹ sọ̀rọ̀ tán nílé kí o tó lẹ fọ́tò mọ́ ògiri.

Ní tèmi, wọn kò lé mi jáde. Oṣù mẹ́rin ni adájọ́ fún mi.

Àdùnní St. Louis:

Ẹ má gbàgbé ti wa níbí o. Yinka Faleti, ọmọ Èkó, West Point ló ti jáde, ó ṣe sójà, ó kàwé òfin ní Washington University nílùú yìí, ó sì du akọ̀wé ìpínlẹ̀ Missouri ní 2020. Jay Ashcroft ló wọlé. Ṣùgbọ́n mo dìbò fún ẹni tó ń jẹ́ Yínká! Mo ya fọ́tò ìwé ìbò kó tó di pé ọmọ mi sọ fún mi pé ó lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Ìṣirò Ni (Houston):

Ẹ̀ẹ̀mẹta tí Brooke fìdí rẹmi yẹn, owó ló ń lọ nígbà kọ̀ọ̀kan. Sájẹ́ǹtì, kọ́kọ́ wá iṣẹ́ lọ́yà ìjọba ní káúńtì bíi Dole. Owó oṣù ń wọlé, àwọn ará ìlú ń mọ ojú rẹ.

Ọmọ Òkè-Àdó:

Mo dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo yín. Ìṣirò, mo ti kà á: oṣù 31 ló ṣẹ́kù fún mi, torí mo ti fi díẹ̀ parí dìgírì mi. 27 á jáde nínú rẹ̀. Yunifásítì ìjọba ni, n kò wo ibòmíràn mọ́.

Bọ̀dá Dorchester, n kò mọ̀ pé ohun tí mò ń ṣe pẹ̀lú fáìlì àwọn ọmọ yẹn ní orúkọ. Mo ti tẹ ọ̀rọ̀ yín jáde sórí ìwé. Ìyàwó mi kà á ní ìsinmi iṣẹ́ òru rẹ̀, ó sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́: "Èmi kò ní bá ẹ kọ ìdánwò o." Mo mọ̀ pé ó ti gbà nìyẹn.

Màmá Kalamazoo, mo ka tiyín sétígbọ̀ọ́ ìyá mi lórí fóònù lálẹ́ àná, látòkè délẹ̀. Ogun, ẹ̀jẹ̀, apá tó já, Sẹ́nétì, pósí. Wọn ò sọ nǹkan kan. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní: "Bàbá àgbà yẹn, tí ilé rẹ̀ jó, ṣé wọ́n san gbèsè náà tán?" Mo ní wọ́n san án tán, mà. Wọ́n ní ó dáa.

Ta ló ní ìwé LSAT, ìdánwò àtiwọ ilé-ìwé òfin, àlòkù tó lè tà fún mi? Kó má ti pẹ́ jù o, wọ́n ní wọ́n ti yọ apá kan kúrò nínú ìdánwò náà.